Oscar nìkan ló kù: ọ̀rọ̀ Cynthia Erivo àtàwọn tó ń jà lé e lórí

Lóṣù kìíní ọdún 2026 yìí làwọn Oscar gbé orúkọ àwọn tí wọ́n yàn jáde, gbogbo èèyàn ń wá Wicked: For Good níbẹ̀, ìyẹn apá kejì Wicked, fíìmù olórin tí Cynthia Erivo ti ṣe Elphaba, àjẹ́ aláwọ̀ ewé, wọ́n wá a tì. Kì í ṣe pé wọ́n fún un ní díẹ̀ o, òdo ni, kò sí nínú ìsọ̀rí kankan. Fíìmù kan náà tí apá kìíní ẹ̀ wọ ìsọ̀rí mẹ́wàá lọ́dún 2025 tó sì gba méjì. Àwọn fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ Nàìjíríà náà gbé tiwọn dé pé wọ́n tún ti rẹ́ Cynthia wa jẹ, kó tó pẹ́ ẹlòmíì ti ń bi wọ́n pé Cynthia wa bí ti báwo, ìjà ti dé nìyẹn.

Mo wá rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jà ò mọ ibi tí obìnrin yìí ti ń bọ̀. Orí Wicked ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ojú aláwọ̀ ewé, fìlà onígun, èékánná tó gùn bíi ṣíbí, wọ́n wá rò pé òru ọjọ́ kan ló di gbajúmọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́rin yìí ná. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní EGOT: E ni Emmy, ti tẹlifíṣàn, G ni Grammy, ti orin, O ni Oscar, ti fíìmù, T ni Tony, ti eré orí ìtàgé ní Broadway, àdúgbò àwọn tíátà ńlá ní New York. Ẹni tó bá kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ láyé ẹ̀, kò sóhun tí wọ́n tún lè fún un mọ́ nídìí iṣẹ́ yẹn. Cynthia gba Tony ní 2016, ó gba Grammy ní 2017, ó gba Emmy ní 2017 yẹn náà, ẹ sì wò ó, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló fi gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, eré The Color Purple. Àwọn kan á sọ pé Emmy tiẹ̀ kì í ṣe ti ètò alẹ́, ti ètò ojúmọmọ ni, torí orin tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kọ lórí ètò Today, ètò àárọ̀ lórí tẹlifíṣàn, ni wọ́n fi fún un. Kí wọ́n lọ bi Whoopi Goldberg, òṣèré Amẹ́ríkà tó ti kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, léèrè, ti ojúmọmọ ni Emmy tiẹ̀ náà, kò sì sẹ́ni tó já a mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti 2017 yẹn, lẹ́tà O nìkan ló kù fún Cynthia, ọdún kẹsàn-án rèé.

Wọ́n bí i ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 1987, Stockwell ló gbé dàgbà, ní apá gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó bá mọ̀nà níbẹ̀ mọ̀ pé kò jìnnà sí Brixton, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Peckham tẹ́ ẹ ti lè ra èlùbọ́ àti ṣàkì láì sọ gbólóhùn Òyìnbó kan. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó bá ti là di Yorùbá, ẹ ṣe pẹ̀lẹ́. Ọmọ Íbò ni ìyá ẹ̀ àti bàbá ẹ̀, Cynthia Onyedinmanasu Chinasaokwu Erivo ló ń jẹ́ lódindi. Nọ́ọ̀sì ni ìyá, òun ló dá tọ́ Cynthia àti àbúrò ẹ̀ obìnrin. Ní ti bàbá, Cynthia fúnra ẹ̀ ti sọ ọ́ fáwọn oníròyìn léraléra, pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lòun nígbà tí bàbá òun sọ fún òun pé òun ò ṣe mọ́, inú ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tó sọ ọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì pínyà sí. Yorùbá ní ọmọ tó dáa ni ti bàbá. Eléyìí dáa tán, ìyá nìkan ló wà níbẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn Kátólíìkì ló lọ, La Retraite, ó wọ yunifásítì ti East London láti kọ́ nípa orin àti ọpọlọ èèyàn, ó lo ọdún kan, ó kúrò. Ó ń lọ bá wọn ṣe eré ní tíátà àdúgbò lásìkò yẹn, ibẹ̀ ni olùdarí eré kan ti rí i tó ní kó lọ gbìyànjú RADA. RADA yìí, ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣèré tó lórúkọ jù ní Lọ́ńdọ̀nù ni, ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́dún, àwọn tó sì ń forúkọ sílẹ̀ pọ̀ bí eéṣú. Wọ́n gbà á. Ó jáde ní 2010. Ní 2024, RADA yìí kan náà ló fi í ṣe igbákejì ààrẹ.

Ìgbà tó jáde, kò sẹ́ni tó tẹ́ ẹní dè é. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbé e káàkiri ìlú Òyìnbó ni Sister Act, eré orin tí wọ́n ń gbé láti ìlú kan dé ìkejì, òun ló ṣe Deloris, obìnrin olórin tó sá lọ fara pa mọ́ sáàárín àwọn sísítà. Ní 2013 ó ṣe Celie nínú The Color Purple ní tíátà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Menier Chocolate Factory, ilé tí wọ́n ń ṣe ṣokoléètì níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò gba tó igba èèyàn. Ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n mú un sínú eré ńlá kan ní London Palladium, eré tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ X Factor, ìdíje orin orí tẹlifíṣàn, owó wà níbẹ̀, orúkọ wà níbẹ̀, kò pé oṣù méjì tí wọ́n ṣí i tí wọ́n fi tì í. Ẹ wo bí ayé ṣe rí o, eré olówó ńlá kú, eré inú yàrá kékeré yẹn ló gbé e lọ Amẹ́ríkà.

Oṣù kejìlá ọdún 2015 ni The Color Purple ṣí ní Broadway, Jennifer Hudson wà níbẹ̀, Danielle Brooks wà níbẹ̀, orúkọ Jennifer ló tóbi jù lára pátákó nígbà yẹn torí ó ti gba Oscar. Kò sẹ́ni tó mọ ọmọ Stockwell. Celie yìí jẹ́ ọmọbìnrin tí wọ́n lù, tí wọ́n fipá bá sùn, tí wọ́n kó àwọn ọmọ ẹ̀ lọ, tí wọ́n ní ó burẹ́wà, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó jókòó bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì, tó bá wá kù díẹ̀ kí eré parí á wá la ẹnu kọ I'm Here. Àwọn èèyàn máa ń dìde pàtẹ́wọ́ láàárín eré ni, wọn ò ní dúró kó parí. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọ́sẹ̀ ló ń ṣe é. Ọjọ́ kan wà ní 2016 tó sá eré ìje kìlómítà mọ́kànlélógún ní New York láàárọ̀ tó tún lọ gun orí ìtàgé lọ́jọ́ yẹn kan náà. Ọjọ́ tí eré yẹn parí pátápátá, 8 oṣù kìíní 2017, ló pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Nǹkan kan wà tí n ò tíì rí i kí ẹnikẹ́ni sọ, bóyá èmi nìkan ni mo ń rí i. Deloris inú Sister Act, ta ló kọ́kọ́ ṣe é nínú fíìmù ní 1992? Whoopi Goldberg. Celie inú The Color Purple, ta ló ṣe é nínú fíìmù ní 1985? Whoopi náà ni. Ojú ẹsẹ̀ Whoopi ni Cynthia ń tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fíìmù 1985 yẹn, Oscar yàn án ní ìsọ̀rí mọ́kànlá, kò gba ẹyọ kan. Whoopi padà gba Oscar nígbà tó yá, àmọ́ fíìmù míì ló fi gbà á, Ghost, kì í ṣe èyí tí gbogbo èèyàn rò. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo máa ń rántí tí wọ́n bá ní Cynthia ò lè gbà á mọ́. Nígbà tí wọ́n tiẹ̀ wá sọ The Color Purple olórin di fíìmù ní 2023, wọn ò mú Cynthia, Fantasia ni wọ́n fún, òun náà ti ṣe é ní Broadway ṣáájú ẹ̀ ṣá, kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ìjà. Èyí tó le jù lára gbogbo ẹ̀ ni ti Harriet, fíìmù 2019 nípa Harriet Tubman, obìnrin tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Maryland, tó sá lọ ní 1849, tó tún ń padà lọ kó àwọn yòókù jáde. Fáwọn Aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà, Harriet kì í ṣe èèyàn inú ìwé ìtàn lásán, ìyá wọn ni. Wọ́n wá gbé e fún ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n bínú, wọ́n ní ṣé kò sí òṣèré mọ́ láàárín àwọn ni, bí wọ́n ṣe ń bínú lọ́wọ́ ni ẹnì kan lọ wú àwọn ọ̀rọ̀ tí Cynthia ti kọ sórí Twitter lọ́dún pípẹ́ sẹ́yìn jáde, ibi tó ti ń fi bí àwọn Aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣàwàdà. Ó kọ èsì gígùn, ó ṣàlàyé pé òun bọ̀wọ̀ fún wọn, àwọn kan gbà, àwọn kan kọ̀ délẹ̀.

Èmi ò rò pé àwọn èèyàn yẹn jẹ̀bi. Ká rò ó bíi tiwa: tí wọ́n bá ní kí ọmọ ibòmíì tí ò gbọ́ Yorùbá wá ṣe Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí wọ́n tún wá rí i pé ó ti fi bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rí, ṣé a ò ní pa á lórí íntánẹ́ẹ̀tì? A máa pa á, ká tún fi gángan lù ú. Àmọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ náà wà. Àwọn òṣèré dúdú ìlú Òyìnbó, ibi tí wọ́n ti bí wọn gan-an ni kì í fún wọn níṣẹ́. Fíìmù tí wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún, ti àwọn ọba àti ọmọ ọba aṣọ ìgbà láéláé ló pọ̀ níbẹ̀, ibo ni dúdú fẹ́ jókòó sí níbẹ̀? Nǹkan tó ń lé wọn lọ Amẹ́ríkà nìyẹn. Chiwetel Ejiofor ṣe ẹrú Amẹ́ríkà ní 2013, David Oyelowo, ọmọ Yorùbá tiwa, ṣe Martin Luther King ní 2014, ní 2017 Samuel L. Jackson là á mọ́lẹ̀ lórí rédíò pé kí ló dé tí wọ́n ń kó àwọn ará London wá ṣe ìtàn àwọn. Ìjà yẹn ti wà nílẹ̀ kí Cynthia tó dé, òun ló kàn wọ̀ ọ́ nígbà tó gbóná jù.

Harriet yẹn ló kọ́kọ́ gbé e dé ẹnu ọ̀nà Oscar. Ní 2020 wọ́n fà á kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, gẹ́gẹ́ bí òṣèrébìnrin tó peregedé jù àti fún orin Stand Up tí òun àti Joshuah Brian Campbell jọ kọ. Ká ní ó gba èyíkéyìí níbẹ̀, òun ni ì bá kéré jù lọ́jọ́ orí nínú gbogbo àwọn tó ní EGOT. Nínú ogún òṣèré tí wọ́n yàn lọ́dún yẹn, òun nìkan ni dúdú. Renée Zellweger gba ti òṣèré, Elton John gba ti orin, Cynthia gun orí ìtàgé kọ orin ẹ̀, ó lọ sílé.

Lọ́dún yẹn náà, àwọn BAFTA, ìyẹn Oscar ti ìlú Òyìnbó, yan ogún òṣèré, funfun ni gbogbo wọn. Wọ́n wá ránṣẹ́ sí Cynthia pé kó wá kọrin fáwọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ fojú inú wò ó. Ọmọ yín ni, ẹ ò fún un láyè níbi tábìlì, ẹ wá ní kó wá dá yín lára yá bẹ́ẹ ṣe ń jẹun. Ó ní òun ò wá. Nínú gbogbo nǹkan tí obìnrin yìí ti ṣe, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn ẹ̀ jù.

Lẹ́yìn ìyẹn ó ṣe Aretha Franklin lórí tẹlifíṣàn ní 2021, ẹbí Aretha náà pariwo pé wọn ò bi àwọn léèrè, iṣẹ́ ọ̀hún dáa ṣá, wọ́n fà á kalẹ̀ fún Emmy ti alẹ́ nítorí ẹ̀.

Wicked wá dé. Elphaba, ọmọ tí wọ́n bí ní aláwọ̀ ewé tí kò sẹ́ni tó fẹ́ fara kàn án, ọ̀dọ̀ àwọn funfun ni iṣẹ́ yẹn máa ń lọ látìgbà tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀ ní Broadway ní 2003. Cynthia fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n di irun Elphaba wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹni tó bá ń wò ó mọ̀ pé lábẹ́ ọ̀dà ewé yẹn ọmọ dúdú ni. Orin inú ẹ̀, kì í ṣe pé ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní sítúdíò kó wá máa la ẹnu lásán, bí wọ́n ṣe ń fi okùn fà á lọ sókè bẹ́ẹ̀ ló ń kọ ọ́. Apá kìíní jáde ní 2024, ó pa lé ní 700 mílíọ̀nù dọ́là kárí ayé. Kó tiẹ̀ tó jáde ni ìjà pósítà ti ṣẹlẹ̀: fáànù kan fi kọ̀ǹpútà tún pósítà náà ṣe, ó fa fìlà bo ojú Cynthia kó lè jọ ti àtijọ́, inú bí Cynthia, ó ní ńṣe ni wọ́n fẹ́ pa òun rẹ́, àwọn èèyàn ní ó ti le jù, òun náà padà sọ pé ì bá dáa kí òun ti kọ́kọ́ pe ọ̀rẹ́ kan lórí fóònù kóun tó kọ̀wé. Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀ lórí fóònù yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin kan fo géètì lọ gbá Ariana Grande, tí òun àti Cynthia jọ ṣe Wicked, mú ní Singapore ní 2025, Cynthia ló kọ́kọ́ fò wọ àárín wọn kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó dé, kò pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù.

Ọdún 2025 yẹn náà, Oscar tún fà á kalẹ̀. Kí òun tó dé ibẹ̀, Viola Davis nìkan lobìnrin dúdú tí wọ́n ti yàn lẹ́ẹ̀mejì ní ìsọ̀rí òṣèrébìnrin tó peregedé jù. Mikey Madison ló gbà á. Wọ́n sì gbé e ṣe Jésù nínú Jesus Christ Superstar ní Hollywood Bowl lóṣù kẹjọ, ẹ̀yin náà lè ronú ariwo tó tẹ̀ lé e, obìnrin, dúdú, tó sì ti sọ ní gbangba pé òun wà lára àwọn LGBTQ, ọjọ́ mẹ́ta ni eré yẹn ṣùgbọ́n oṣù bíi mélòó ni wọ́n fi jà lórí ẹ̀.

Kí ló wá fà á tí apá kejì Wicked fi gba òdo? Tẹ́ ẹ bá bi mí, kò ní awo nínú. Gbogbo ẹni tó mọ eré orí ìtàgé yẹn mọ̀ pé ìdajì kejì ò dùn tó ìdajì kìíní, Defying Gravity tí gbogbo ayé ń dúró dè, òun ló parí ìdajì kìíní, wọ́n kọ orin tuntun méjì kún ti ẹ̀yìn yìí, kò tó o. Ọdún yẹn tún wá jẹ́ ọdún Sinners tó gba ìyànsípò mẹ́rìndínlógún, kò sí fíìmù tó gbà tó bẹ́ẹ̀ rí. Nínú Sinners yìí ni Wunmi Mosaku wà, tí wọ́n bí ní Zaria, tó dàgbà ní Manchester, ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé, RADA ni òun náà ti jáde. Ọjọ́ tí wọn ò dárúkọ Cynthia yẹn, wọ́n dárúkọ Wunmi. Aláwọ̀dúdú Mississippi tó ń fi egbò igi àti ewé tọ́jú èèyàn ló ṣe, n ò sì rí ìjà tó tó ti Harriet lórí ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá tiwa, òun nìyẹn.

Cynthia ò sunkún ṣá. Lóṣù kejì, Grammy fún òun àti Ariana ní àwọ́ọ̀dù nítorí Defying Gravity, oṣù yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ Dracula ní Noël Coward Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù, òun nìkan ló ṣe gbogbo èèyàn mẹ́tàlélógún inú ẹ̀.

Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ń bọ̀ lóṣù kìíní 2027. Children of Blood and Bone, láti inú ìwé Tomi Adeyemi, ìtàn tó dá lórí òrìṣà wa àti agbára wọn. Cynthia wà níbẹ̀, òun ni Kaea, ọ̀gágun tó ń lépa àwọn tó ní agbára òrìṣà. Ọmọ Gúúsù Áfíríkà, Thuso Mbedu, ni wọ́n fún ní Zélie tó jẹ́ olórí ìtàn, Viola Davis wà níbẹ̀, Idris Elba wà níbẹ̀, wọ́n mú Ayra Starr àti RMD, ìyẹn Richard Mofe-Damijo, láti ilé. Nígbà tí wọ́n gbé orúkọ jáde, àwa náà ṣe gẹ́lẹ́ bí àwọn Aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà ṣe ṣe lórí Harriet, a ní ṣé kò sí òṣèré ní Yorùbá mọ́ ni, ìtàn Ṣàngó àti Ọya lẹ fẹ́ gbé fáwọn tí ò lè pe Ọya.

Nínú ìwé yẹn, tí wọ́n bá fẹ́ pe agbára, Yorùbá ni wọ́n fi ń pe ọfọ̀. Wọn ò lè fi Òyìnbó bò ó mọ́lẹ̀ nínú fíìmù o, wọ́n máa la ẹnu. Mo ti ń fi ọjọ́ pamọ́, mo fẹ́ jókòó síwájú tíátà kí n fetí sí àmì ohùn.